TA NI Ó MÚ AAGO? Ìtàn Wíwọn Àkókò Eré Ìje àti Ẹ̀rọ Aláìlókùn Kan ní Pápá Òkè-Ògùn

Mo mọ̀ pé yóò ya àwọn kan lẹ́nu pé ẹni tí ó ti ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni ó dúró síhìn-ín tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí aago àti eré sísá. Wọn yóò ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀ físíìsì àti àwọn olùkọ́ eré ìdárayá. N kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ni. Bí ènìyàn bá sáré, tí ó sì ní àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá ni òun fi sá a, ta ni yóò gbà á gbọ́, kí sì ni ìdí tí yóò fi gbà á gbọ́? Àwa tí a fi ìtàn àti ẹ̀rí yíyẹ̀wò ṣe iṣẹ́ ṣe, ó yẹ kí a ní ohun kan láti sọ lórí ìyẹn.

Ní ọdún 1984, mo wà ní iléèwé girama kan ní agbègbè Òkè-Ògùn, ní ilẹ̀ ọ̀dàn tí ó tẹ́ rẹrẹ, tí igi ẹmì àti irúgbá dá dúró káàkiri inú koríko rẹ̀. Pápá wa kò ní koríko tútù. Ilẹ̀ pupa ni, eérú ni a sì fi ń sàmì sí ipa tí asáré kọ̀ọ̀kan yóò tọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí ó fi kíláàsì méjì ṣáájú mi, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í fẹ́ kí wọ́n pín wa sí ilé kan tí ó yàtọ̀ sí tirẹ̀ bí ọjọ́ eré ìdíje bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó sá irinwó mítà, olùkọ́ tí ó ń kọ́ wa ní jẹ́ọ́gíráfì sì tẹ aago rẹ̀, ó ní 49.8 ni. A hó yèè. Nígbà tí olùkọ́ wa gbé orúkọ rẹ̀ àti àkókò náà lọ síwájú àwọn tí ń ṣa àwọn asáré, ìbéèrè kan ni wọ́n kọ́kọ́ bi í: “Ta ni ó mú aago?” Ó ní òun ni. Wọ́n ní aago mélòó? Ó ní ẹyọ kan. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọ tí ó bá lè sá irú eré bẹ́ẹ̀, àwọn ì bá ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi kò lọ sí ibikíbi. Ó kọ́ ọkọ̀ wíwà.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà náà, mo sì kórìíra àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn gidigidi. Nísinsin yìí, mo mọ̀ pé ìbéèrè tí wọ́n bi olùkọ́ wa kò burú. Ẹ̀rín tí wọ́n rín ni ó burú. Ìbéèrè náà gan-an ni mo fẹ́ kí a tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ òní.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè wa. Gbogbo wa ni a mọ òwe tí ó ní ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Ẹ fiyè sí ohun tí òwe náà gbà gẹ́gẹ́ bí òtítọ́ tí kò nílò àlàyé: pé eré ìje kò lè ṣe é ṣe bí kò bá sí ẹṣin méjì. Ẹṣin ni a fi ń wọn ẹṣin. Ẹni tí ó bá sáré lóun nìkan kò bá ẹnikẹ́ni díje, a kò sì lè sọ bí eré rẹ̀ ti yá tó. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú ìtàn pẹ̀lú. Ní ọdún 1830, Richard Lander àti John àbúrò rẹ̀ gba ilẹ̀ Ọ̀yọ́-Ilé kọjá lọ sí Kàyámà ní ilẹ̀ Ìbàrìbá, níbi tí kò jìnnà sí òkè Òkè-Ògùn tiwa. Ọdún Iléyá bá wọn níbẹ̀, wọ́n sì rí eré ìje ẹṣin tí ọba ìlú náà ṣe fún ọdún, wọ́n sì ròyìn rẹ̀ nínú ìwé ìrìn-àjò wọn tí a tẹ̀ ní 1832. Ẹṣin ń bá ẹṣin sá, ogunlọ́gọ̀ ń wò. Ẹni tí ó bá wà níbẹ̀ ni ó mọ ẹni tí ó gbawájú. Ẹni tí kò sí níbẹ̀, ìròyìn ni yóò gbọ́.

Ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe àkókò kéékèèké náà ní ìtàn tirẹ̀. Wákàtí, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni. Ọ̀nà Haúsá ni ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Aago, agogo irin tí a ń lù ni ó ti wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé orí ohun tí ó kéré sí wákàtí, a kò yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ojú tí ń ṣẹ́ ni a lò: ìṣẹ́jú. Nígbà tí èyí kò tún kéré tó, a lọ sínú igbó, a wo ojú àáyá tí kì í sinmi, a ní ìṣẹ́jú àáyá. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ tí àwa onímọ̀ èdè ti ṣẹ̀dá nínú ìpàdé lọ. Lóòótọ́, bí a bá fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n, ìṣẹ́jú ọmọ ènìyàn kan ṣoṣo kò ju ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá sí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá rẹ̀ lọ, tí ó fi jẹ́ pé ẹyọ kan nínú ojú tí à ń ṣẹ́ kúrú ju ohun tí a fi orúkọ àáyá pè lọ. Kò ba nǹkan jẹ́. Àwọn baba wa kò fi ọ̀rọ̀ náà díwọ̀n. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó yára. Ẹranko wo ni a ó wá fi orúkọ rẹ̀ pe ìdá ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá, èyí tí gbogbo ìjà eré ìje òde òní dá lé lórí? N kò tíì rí ọdẹ tí ó lè dá mi lóhùn.

Eré ẹṣin náà ni ó bí aago eré ìje ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1821, nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé ṣì wà lórí ìdúró, Nicolas Rieussec, tí ó ń ṣe aago, gbé ẹ̀rọ kan lọ sí pápá Champ de Mars ní Párísì níbi tí ẹṣin ti ń sáré. Bí ẹṣin kọ̀ọ̀kan bá ti kọjá, ó tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ náà a sì kán yíǹkì sórí àwo aago. Ẹ̀rọ tí ń kọ àkókò sílẹ̀ ni. Àmì yíǹkì yẹn ni ó ṣe pàtàkì sí mi, nítorí pé láti ọjọ́ náà ni ẹni tí kò sí ní pápá ti lè rí ohun kan mú dání. Láti ìgbà náà ni ó sì ti ṣe é ṣe pé kí ẹṣin kan bá ara rẹ̀ díje, ti òní pẹ̀lú ti àná, láìsí ẹṣin mìíràn níwájú rẹ̀.

Síbẹ̀, àtàǹpàkò ènìyàn ni ó ń tẹ bọ́tìnnì, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti díjú. Ẹni tí ó bá ti bá ọdẹ rìn lórí ọ̀dàn rí mọ̀ pé èéfín ìbọn ṣakabùlà ni ojú kọ́kọ́ ń rí lókèèrè kí etí tó gbọ́ ìró rẹ̀. Ìró kò rìn ju bí 340 mítà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, bí àwọn asáré bá bẹ̀rẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún mítà sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó mú aago, ìró ìbọn yóò pẹ́ tó bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kí ó tó dé etí rẹ̀. Bí ó bá dúró de ìró kí ó tó tẹ aago, ó ti fún asáré ní ẹ̀bùn tí ó ju ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹni kìn-ín-ní àti ẹni ìkẹjọ nínú àṣekágbá Òlíḿpíìkì mìíràn lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ́ àwọn amú-aago pé èéfín ni kí wọ́n wò, kí wọ́n má ṣe fetí sí ìró. Mo rántí pé ní iléèwé wa, pákó méjì ni a ń gbá pọ̀ láti fi bẹ̀rẹ̀ eré, pákó kì í sì í rú èéfín.

Ká tilẹ̀ ní èéfín wà, ọwọ́ ènìyàn kò dọ́gba ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, èéfín máa ń bá a lójijì, àtàǹpàkò rẹ̀ a sì pẹ́ díẹ̀ kí ó tó tẹ̀. Ní ìparí, ó ti ń rí asáré bọ̀ láti òkèèrè, ó ti múra sílẹ̀, kò sì ní pẹ́. Àkókò tí ó sọnù ní ìbẹ̀rẹ̀ kò padà wá ní ìparí. Èyí ni ó mú kí àkókò tí a fi ọwọ́ mú máa dùn ju òtítọ́ lọ. Nígbà tí àwọn aláṣẹ eré sísá lágbàáyé fẹ́ fi àkókò ọwọ́ wé ti ẹ̀rọ, wọ́n pinnu pé kí a fi 0.24 kún un fún eré ọgọ́rùn-ún àti igba mítà, kí a sì fi 0.14 kún un fún irinwó mítà. Ẹ wo 49.8 ti ọ̀rẹ́ mi: ó di 49.94 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, láìtíì bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bóyá olùkọ́ jẹ́ọ́gíráfì mọ aago í tẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ní Òkè-Ògùn nìkan ni ọ̀rọ̀ ta-ni-ó-mú-aago ti ń pa ènìyàn lẹ́kún. Ní Róòmù, níbi Òlíḿpíìkì ọdún 1960, Lance Larson ti Amẹ́ríkà àti John Devitt ti Ọsirélíà wẹ odò ọgọ́rùn-ún mítà, wọ́n sì fọwọ́ kan ògiri fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ènìyàn mẹ́ta ni ó mú aago fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Aago mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti Devitt fi 55.2 hàn, ti Larson fi 55.0, 55.1 àti 55.1 hàn. Aago mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbà pé Larson ni ó yá jù. Àwọn adájọ́ tí ó fi ojú wò ó pín sí méjì ọgbọọgba, olórí adájọ́ sì ní Devitt ni òun rí. Devitt ni ó gba wúrà, wọ́n sì yí àkókò Larson padà sí 55.2 kí ó lè bá ìdájọ́ mu. Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn tí a kọ irú bẹ́ẹ̀: a ti mọ ẹni tí ó borí, a wá ń wá ẹ̀rí tí yóò bá a mu.

Irú ìtìjú báyìí ni ó lé ọwọ́ ènìyàn kúrò nídìí aago. Kámẹ́rà tí ń ya òpin eré ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1948. Ní Mexico City ní 1968 ni Òlíḿpíìkì kọ́kọ́ gbára lé ẹ̀rọ pátápátá, níbi tí Jim Hines ti sá ọgọ́rùn-ún mítà ní 9.95. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1977, ẹ̀rọ nìkan ni a ń gbà fún àkọsílẹ̀ àgbáyé nínú eré tí kò ju irinwó mítà lọ. Ìbọn ni ó ń bẹ̀rẹ̀ aago fúnra rẹ̀ nípasẹ̀ wáyà, kámẹ́rà ni ó sì ń parí rẹ̀. Ẹ wo ìgbà tí èmi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín ní 1984, ọdún méje ti kọjá tí ayé ti pinnu pé kò sí àtàǹpàkò tí òun yóò gbà gbọ́ mọ́ nínú irú eré yẹn. Àtàǹpàkò nìkan ni àwa sì ní.

Ǹjẹ́ ẹ̀rọ wá mú àríyànjiyàn kúrò bí? Rárá o. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2006, ní Doha, Olúsọjí Fáṣùbà ọmọ Nàìjíríà sá ọgọ́rùn-ún mítà ní 9.85, kò sì sí ọmọ Áfíríkà tí ó sá a jù bẹ́ẹ̀ lọ títí di 2021. Nínú eré yẹn kan náà, Justin Gatlin ni ó ṣáájú rẹ̀, wọ́n sì kéde 9.76 fún un, pé ó ti fọ́ àkọsílẹ̀ àgbáyé. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n ní àwọn ṣì í kà: ohun tí ẹ̀rọ rí ni 9.766. Òfin eré sísá sì ni pé a kì í ju èérún nù. Òkè ni a ń gbé e lọ nígbà gbogbo, nítorí náà 9.77 ni. Ẹ̀rọ kò ṣàṣìṣe. Ẹni tí ó sọ fún un bí yóò ṣe kọ ọ́ ni ó ṣì í. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tilẹ̀ pa àkókò Gatlin rẹ́ nítorí oògùn, ìyẹn sì kúrò nínú ọ̀rọ̀ aago.

Èyí tí ó sún mọ́ wa jù ni ti Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 2022, ní Eugene ní Amẹ́ríkà, ó sá ọgọ́rùn-ún mítà tí a ń fo igi nínú rẹ̀ ní 12.12, nínú ìpele tí ó ṣáájú àṣekágbá. Àkọsílẹ̀ tí ó wà tẹ́lẹ̀ ni 12.20 tí Kendra Harrison sá ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2016. Michael Johnson, asáré ńlá ayé àtijọ́ tí ó ń ṣàlàyé eré fún BBC lọ́jọ́ náà, kọ ọ́ síta pé òun kò gbà pé àkókò ìpele náà tọ̀nà, nítorí pé àwọn tí ó sá eré tí ó dára jù láyé wọn níbẹ̀ pọ̀ jù. Àwọn ènìyàn wa bínú sí i. Ó ṣàlàyé pé aago ni òun ń bi ní ìbéèrè, kì í ṣe ọmọbìnrin náà. Mo gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n mo tún rántí ẹ̀rín ọdún 1984. Amúsàn padà wá ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó sá àṣekágbá ní 12.06, afẹ́fẹ́ tí ó ń ti asáré lẹ́yìn ju 2.0 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, nítorí náà wọn kò lè kà á sí àkọsílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu kò lè gbòrò mọ́. Ní ọdún náà gan-an ni wọ́n fọwọ́ sí 12.12. Ohun tí ó gba ọmọ náà sílẹ̀ ni pé ó tún sáré náà sá, ó sì tún yá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi kókó yìí pamọ́, nítorí mo ń bọ̀ wá gbà á lọ́wọ́ yín.

Irú ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò ní Eugene kì í ṣe ohun tí iléèwé kan ní Ṣakí tàbí Ìṣẹ́yìn lè rà. Ọ̀dọ̀ àwọn awakọ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí ọ̀nà mìíràn. Àbúrò mi kan tí ó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú mi lọ sí Brands Hatch ní Kent, pápá eré ọkọ̀ tí ó lókìkí, lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i fún ẹnikẹ́ni tí ó bá sanwó láti wa ọkọ̀ ara rẹ̀ yípo níbẹ̀. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé wọn kò bá ara wọn díje rárá. Agbẹjọ́rò wà níbẹ̀, bẹ́ńdẹ́rọ̀ wà níbẹ̀. Oníkálukú ń bá àkókò ti ara rẹ̀ lánàá jà. Àwọn kan lára wọn gbé àpótí kékeré kan kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí ni ó ń jáde nínú rẹ̀, bí ọkọ̀ bá sì ti la á kọjá, afẹ́fẹ́ gbé àkókò ìyípo náà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kà á. Kò sí wáyà, kò sí amú-aago. Àwọn ńláńlá ní ẹ̀yà tiwọn tí ó wọ́nwó, nínú èyí tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbé àmì tí ń pe orúkọ ara rẹ̀ bí ó bá gorí wáyà tí a rì mọ́lẹ̀. Irú àmì bẹ́ẹ̀ ni a so mọ́ bàtà àwọn asáré ní Boston ní 1996, irú rẹ̀ náà sì ni a ń lò fún eré ọlọ́nà jíjìn nílùú ńláńlá. Ẹ̀rọ àwọn awakọ̀ ńlá náà mú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ní Jerez, ilẹ̀ Sípéènì, ní oṣù Kẹwàá ọdún 1997, awakọ̀ Formula 1 mẹ́ta, Villeneuve, Schumacher àti Frentzen, yípo pápá náà ní 1:21.072 gẹ́lẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dé ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Villeneuve ni wọ́n fi síwájú, nítorí pé òun ni ó kọ́kọ́ sá a.

Mo padà wálé, mo sì lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń tún fóònù ṣe ní Ìṣẹ́yìn. Mo ṣàlàyé ohun tí mo rí fún un. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Kì í ṣe nǹkan tó le.” Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ó ti ń ṣe é. Ó lo pátákó ẹ̀rọ kéékèèké méjì, irú èyí tí ó ní rédíò nínú ara rẹ̀, bátìrì tí ó tú jáde láti inú kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ó ti bàjẹ́, àti ọ̀pá irin tí wẹ́dà kan jó fún wa. Owó gbogbo rẹ̀ kò tó ti táyà ọkọ̀ tuntun méjì.

Ìṣòro wa àkọ́kọ́ ni oòrùn. Oòrùn ọ̀dàn ní ọ̀sán gangan kún fún irú ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí yẹn, ó sì ń fọ́ ẹ̀rọ náà lójú. Ọ̀nà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbà yọ nínú rẹ̀ jọ mí lójú: ó mú kí fìtílà náà máa ṣẹ́jú ní ìgbà 38,000 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì fi ojú tí kì í dáhùn sí ohun mìíràn yàtọ̀ sí ìlù yẹn sí òdìkejì. Oòrùn kì í ṣẹ́jú. Ariwo ni, kì í ṣe ìlù, kò sì lè tan ẹ̀rọ náà jẹ. Ìṣòro kejì ni apá. Òfin ní àyà ni ó ń parí eré, kì í ṣe ọwọ́ tàbí orí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí asáré ń jù síwájú lè gé ìmọ́lẹ̀ kí àyà tó dé. Ìmọ́lẹ̀ méjì ni ó fi síbẹ̀, ọ̀kan lókè èkejì, kò sì sí ohun tí ẹ̀rọ náà kà àfi bí a bá gé méjèèjì pọ̀.

Ìkẹta ni ti rédíò fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbé lè pẹ́ lójú ọ̀nà, nígbà mìíràn yóò yára, nígbà mìíràn yóò fà. Nítorí náà, ibi ọ̀pá gan-an ni a ti ń kọ àkókò sílẹ̀ kí a tó fi ránṣẹ́. Ìránṣẹ́ lè sùn lọ́nà, ṣùgbọ́n déètì ti wà lórí lẹ́tà. Ohun tí ó tún dára nínú wíwọn ìyípo ni pé ọ̀pá kan náà ni ó ń bẹ̀rẹ̀, òun náà ni ó sì ń parí. Bí ojú rẹ̀ bá pẹ́ díẹ̀ kí ó tó rí nǹkan, ó pẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà méjèèjì, a sì yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì láìsí ìyókù. Àtàǹpàkò olùkọ́ wa kò lè ṣe ìyẹn láéláé. Kírísítà tí ó ń ka àkókò nínú rẹ̀ lè ṣìnà tó ogún nínú mílíọ̀nù, ìyẹn kò sì ju bí ìdá ẹgbẹ̀rún kan ìṣẹ́jú àáyá àti díẹ̀ lọ nínú odindi ìṣẹ́jú kan.

Mo ti ń yọ̀ nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà wò mí, tí ó ní, “Sà, ẹ̀rọ yìí kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ti wọn ilẹ̀ yín?”

Ìbéèrè náà bá mi lójijì. Pápá tí ó pé irinwó mítà ní ìlànà tirẹ̀: apá títọ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 84.39, ìlàjì òbírí tí ó yí igun rẹ̀ jẹ́ 36.50, a sì ń wọ̀n ọ́n ní ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà síta láti etí inú. A ra tépù, a wọn pápá náà láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ó fi mítà mẹ́ta àti díẹ̀ dín sí irinwó. Asáré tí ó ń sá mítà mẹ́jọ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, bí pápá bá fi mítà kan dín, ó ti jèrè ìdá mẹ́jọ ìṣẹ́jú àáyá lọ́fẹ̀ẹ́. Irú nǹkan báyìí ni ó mú kí àwọn aláṣẹ odò wíwẹ̀ fi ìdá ẹgbẹ̀rún sílẹ̀ lẹ́yìn Munich 1972, níbi tí Gunnar Larsson ti fi ìdá ẹgbẹ̀rún méjì péré borí Tim McKee. Kò sí ẹni tí ó lè kọ́ odò tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ gùn dọ́gba tó bẹ́ẹ̀. N kò mọ bí pápá iléèwé tiwa ti gùn tó ní 1984. Eérú ni a fi sàmì sí i, òjò sì ti wẹ̀ ẹ́ lọ láti ọjọ́ yẹn.

A tún àmì pápá náà fà. Ẹ jẹ́ kí n sì sọ ohun tí ẹ̀rọ yìí kò lè ṣe, kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo ń polówó ọjà. Kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Bí ọmọ méjì bá la ọ̀pá kọjá pa pọ̀, ẹyọ kan ni yóò kà. Nítorí náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn ọmọ ń sá a. Kò gbọ́ ìbọn. Ìgbà tí ọmọ bá ti la ìmọ́lẹ̀ kọjá ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, nítorí náà ìfura ọmọ sí ìró ìbọn kò sí nínú rẹ̀. Àkókò rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè gbé síwájú àjọ kankan kí wọ́n fi kọ àkọsílẹ̀. Eruku ọyẹ́ a sì máa bo ojú rẹ̀, tí a fi ní láti máa nù ún láàárọ̀. Ohun tí ó ṣe é ṣe ni pé láàárín sáà kan, ọmọ kan lè ní ogójì àkókò tí a wọ̀n ní ọ̀nà kan náà, lórí ilẹ̀ kan náà. Olùkọ́ jẹ́ọ́gíráfì wa mú nọ́ńbà kan ṣoṣo lọ síwájú àwọn aṣàyàn. Nọ́ńbà kan ṣoṣo, ẹ̀rín ni a lè fi lé e lọ. Ogójì tí ó ń rọra sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ẹni tí yóò rẹ́rìn-ín ní láti kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí ó ń rín. Kókó tí mo ní kí ẹ fi pamọ́ nígbà tí mo ń sọ̀rọ̀ Amúsàn nìyí.

Ọ̀rẹ́ mi ṣì ń wa ọkọ̀, láti Ṣakí sí Ìbàdàn. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀, ọmọbìnrin, wà lára àwọn tí ń sá eré ní pápá tí a ti ń lo ẹ̀rọ náà. Ní àárọ̀ Sátidé kan nígbà ọyẹ́, mo pè é wá kí ó wá wò ó. Ọmọ náà sáré yípo lóun nìkan, kò sí ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀, nọ́ńbà sì yọ lójú fóònù: 61.37. Bàbá rẹ̀ tẹjú mọ́ ọn. Ó wo gbogbo àyíká pápá, ó wá béèrè lọ́wọ́ mi pé, “Ta ni ó mú aago?”

Mo na ìka sí àwọn ọ̀pá méjèèjì. Ó rìn lọ síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wò wọ́n, ó wo ẹ̀yìn wọn bí ẹni pé ènìyàn sá pamọ́ síbẹ̀, ó wá fi gbogbo ara la àárín wọn kọjá wẹ́rẹ́. Fóònù dún. Ẹ̀rọ ti ka òun náà mọ́ àwọn asáré, ìṣẹ́jú mẹ́rin àti díẹ̀ lẹ́yìn ọmọ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa fẹ́ pa á rẹ́ kí ó má baà da ìwé àkọsílẹ̀ rú. Mo ní kí ó fi í sílẹ̀.